Omi Ẹ̀gbin Ilé Adìyẹ

Ní ayé àtijọ́, agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti ní gbọ́ kíkọ àkùkọ ní ìdájí. Adìyẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ìyàwó ilé kan lè ní. Ní òwúrọ̀, yóò ṣí ìlẹ̀kùn àgò, yóò da ọkà bàbà díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, láti ìgbà náà títí di àṣálẹ́ ni wọn yóò sì máa wá oúnjẹ fún ara wọn. Wọ́n ń tan ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ikán àti kòkòrò jẹ, wọ́n sì ń yàgbẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Oòrùn ń mú ìgbẹ́ náà gbẹ, òjò ń fọ̀ ọ́ wọ inú ilẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé sì ń jẹ adùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí omi tí a fi fọ ilé adìyẹ yóò di ọ̀ràn láàárín aládùúgbò méjì.

Nǹkan yí padà nígbà tí ọ̀sìn adìyẹ di òwò ńlá. Láàárín 1959 àti 1960, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ iṣẹ́ oko ní ọ̀nà ìgbàlódé. Ọ̀sìn adìyẹ sì wà lára iṣẹ́ tí a ń ṣe ní díẹ̀ nínú àwọn ibùdó náà. Lẹ́yìn èyí, oko adìyẹ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Lónìí, a lè rí oko tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ lábẹ́ òrùlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn adìyẹ náà kì í jáde lọ tan ilẹ̀ mọ́. Inú kéèjì onírin ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí.

Adìyẹ kan tí ń yẹ́yin ń jẹ oúnjẹ tí ó tó nǹkan bí 110 sí 120 gíráàmù lójúmọ́. Omi tí ó ń mu máa ń tó ìlọ́po méjì oúnjẹ náà, bí ooru bá sì mú, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ tí ó ń yà lójúmọ́ lè lé ní 100 gíráàmù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ omi. Ohun kékeré ni èyí bí ó bá jẹ́ ti adìyẹ kan. Ṣùgbọ́n bí adìyẹ bá tó 1,000, ìgbẹ́ òòjọ́ wọn yóò lé ní 100 kílógíráàmù, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Bí a bá wá fi omi fọ gbogbo rẹ̀ dànù ní òwúrọ̀, níbo ni omi náà yóò gbà lọ?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni yékéyéké, a lè fi àgbẹ̀ kan tí ó kọ́ ilé adìyẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ṣe àpẹẹrẹ. Adìyẹ 1,000 ni ó ń sìn. Odò kékeré kan ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ òkè náà, abúlé kan sì wà níwájú níbi tí odò ń ṣàn lọ. Ní òròòwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a fa rọ́bà omi wọ ilé adìyẹ, wọn a sì fọ ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní. Omi náà, tí ó ti dúdú, a wá gba ojú àgbàrá lọ sí inú odò. Ilé adìyẹ mọ́, adìyẹ ń yẹ́yin dáadáa, oníbàárà sì ń wá. Lójú àgbẹ̀ náà, kò sí ohun tí ó kù.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá àgbàlagbà kan gòkè wá láti abúlé náà pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni àgbẹ̀ náà wí, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ṣé àlàáfíà ni ẹ wá o?"

"Kì í ṣe àlàáfíà tán, ọmọ mi," ni ìyá náà dáhùn. "Omi odò tí a ti ń mu láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí abúlé wa ni mo bù wá fún ọ yìí. Gbọ́ òórùn rẹ̀ wò."

Àgbẹ̀ náà gbọ́ òórùn omi náà, ó sì gbé ojú sá.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé odò ń gbé e lọ ni."

"Odò ń gbé e lọ lóòótọ́," ni ìyá náà wí. "Ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbé e wá."

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí odò yìí kì í ṣe àdììtú. Ẹja àti àwọn ẹ̀dá inú omi nílò afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní ọ́síjìn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti nílò rẹ̀. Díẹ̀ ni ọ́síjìn tí ó ń wọ inú omi. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, nínú lítà kan omi odò tí ó mọ́, kì í ju nǹkan bí mílígíráàmù 8 lọ. Nígbà tí ìgbẹ́ adìyẹ bá dé inú odò, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Bí oúnjẹ wọn ti pọ̀ tó ni wọ́n ń bí sí i tó, bí wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń mí ọ́síjìn inú omi tán. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú lítà kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja kò lè yè é. Àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ṣùgbọ́n ẹpìyà a léfòó ní òkú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn a gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń mú kí omi máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́.

Bí a bá fi ọ́síjìn tí ìdọ̀tí lè gbà nínú omi ṣe òṣùwọ̀n, ìgbẹ́ nǹkan bí adìyẹ mẹ́wàá tí ń yẹ́yin tó ìdọ̀tí ènìyàn kan. Èyí ni pé àgbẹ̀ tí ó da gbogbo ìgbẹ́ adìyẹ 1,000 sí odò dà bí ẹni tí ó kó abúlé tí ó ní 100 ènìyàn wá sí etídò, tí ó sì ní kí gbogbo wọn sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ewu náà kò mọ sí orí ẹja. Náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ. Àwọn ohun méjèèjì yìí ni ó ń mú àgbàdo yọ ọmọ ńlá ní oko, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé inú omi, ewéko tí kò ṣe é jẹ ni wọ́n ń bọ́. Ojú omi a di aláwọ̀ ewé, ojú oró a sì bo odò. Nígbà tí àwọn ewéko náà bá kú tí wọ́n sì ń jẹrà, wọ́n tún ń gba ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù. Náítírójìn inú ìgbẹ́ kọ́kọ́ ń di amóníà, èyí tí òórùn rẹ̀ ń ta ènìyàn nímú ní ilé adìyẹ tí a kò tọ́jú. Májèlé ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Nínú ilẹ̀, ó lè yí padà di náítíréètì, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó sì ń bá omi rìn wọ inú kànga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ní 1945, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Hunter Comly ti ìpínlẹ̀ Iowa, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí awọ ara wọn ń dà bí aró. Omi kànga tí náítíréètì pọ̀ nínú rẹ̀ ni a fi po oúnjẹ wọn, náítíréètì náà kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè gbé ọ́síjìn bí ó ti yẹ. Nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí náítíréètì inú omi mímu má ṣe ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan.

Àìsàn tún wà nínú omi ẹ̀gbin náà. Àwọn kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Salmonella àti Campylobacter, a máa gbé inú ìfun adìyẹ láìṣe adìyẹ náà ní ohunkóhun. Nígbà tí àrùn lukulùkù ẹyẹ irú H5N1 kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ìpínlẹ̀ Kàdúná ni a ti rí i ní oṣù kejì ọdún 2006. Kòkòrò àrùn náà ń jáde nínú ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ tí ó kó o, ó sì lè wà láàyè nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀. Omi tí ó ti oko kan wọ odò lè gbé àrùn dé oko mìíràn.

Kò sí odò kékeré tí kì í lọ bá ńlá. Odò Ògùn jẹ́ ẹ̀rí èyí. Ní àgbègbè Ṣakí ni ó ti ṣẹ̀, ó ń ṣàn gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba àárín Abẹ́òkúta, ó sì ń lọ wọ ọ̀sà ní Èkó. Kí ó tó dé ibẹ̀, a ń fa omi rẹ̀ ní Àkútẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ omi ní Ìjú, kí a lè sọ ọ́ di omi ẹ̀rọ fún àwọn ará Èkó. Ohun tí a dà sí ìṣàn omi kan nínú igbó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn lè di ìnáwó fún ẹni tí ń ṣí ẹ̀rọ omi ní Èkó, nítorí pé bí omi odò bá ti dọ̀tí tó ni owó tí a ó fi fọ̀ ọ́ mọ́ yóò ti pọ̀ tó.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ti jìyà irú ọ̀ràn yìí rí, nígbà tí odò wọn dọ̀tí nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ìlú ńlá. Ní 1898, ìjọba wọn yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú omi ẹ̀gbin. Ní 1912, ìgbìmọ̀ náà dá òṣùwọ̀n kan: kí ìdọ̀tí tí ó léfòó nínú lítà kan omi tí a fẹ́ dà sí odò má ṣe ju mílígíráàmù 30 lọ, kí ọ́síjìn tí omi náà yóò gbà láàárín ọjọ́ márùn-ún má sì ṣe ju mílígíráàmù 20 lọ, èyí sì jẹ́ níbi tí omi odò bá pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ omi tí a ń dà sí i. Ní 1914, ọkùnrin méjì ní Manchester, Edward Ardern àti William Lockett, fi hàn pé bí a bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi ẹ̀gbin, tí a kò sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, àwọn kòkòrò inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò jẹ ìdọ̀tí omi tuntun ní kíákíá. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Àwọn kòkòrò kan náà tí ń pa odò ni ó lè wo omi sàn, bí a bá fún wọn ní àyè àti àkókò láti ṣe iṣẹ́ wọn kí omi tó dé odò.

Gbogbo ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ilé adìyẹ dúró lórí ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó wa kòtò kankan, ohun kan wà tí ó ṣáájú, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì lọ: kí a gbá kí a tó fọ̀. Bí a bá fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ ní gbígbẹ kúrò nílẹ̀ kí rọ́bà omi tó dé ibẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí náà kò ní fojú kan omi rárá. Àwọn tí ń sin adìyẹ sórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó sí ń rí àǹfààní yìí, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú náà ń fa omi inú ìgbẹ́ mu. Ìgbẹ́ tí a kó jọ, bí a bá bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò tí ó sì jẹrà dáadáa, di ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ lè lò tàbí kí ó tà. Kí a tún ẹnu ẹ̀rọ tí adìyẹ fi ń mu omi ṣe bí ó bá ń jò. Kí a sì ṣe ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún omi òjò orí òrùlé, kí ó má ba à dà pọ̀ mọ́ omi ẹ̀gbin. Òjò ńlá kan ṣoṣo lè kún kòtò ìtọ́jú ní àkúnwọ́sílẹ̀, kí ó sì fọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí odò.

Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú gan-an bẹ̀rẹ̀, ó sì pín sí ìpele mélòó kan.

Ìpele kìn-ín-ní ni sísẹ́. Omi tí ó ń jáde láti ilé adìyẹ yóò gba inú àwọ̀n irin kọjá, kí ìyẹ́, èèpo ẹyin àti oúnjẹ tí ó dà sílẹ̀ lè dúró sẹ́yìn. A gbọ́dọ̀ máa kó ohun tí asẹ́ náà mú lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dí.

Ìpele kejì ni sísilẹ̀. Omi náà yóò wọ inú kòtò sìmẹ́ǹtì kékeré kan, yóò dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí díẹ̀, iyanrìn àti ìdọ̀tí tí ó wúwo yóò sì silẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògì ti ń silẹ̀ nínú ìkòkò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a bá kó níbẹ̀ yóò lọ bá ìgbẹ́ tí a ti kó jọ fún ajílẹ̀.

Ìpele kẹta ni kòtò jíjìn. Ó lè jìn tó mítà 2 sí 5. Afẹ́fẹ́ kò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà àwọn kòkòrò tí kò nílò ọ́síjìn ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa dára fún wọn, wọ́n sì lè mú ju ìdajì agbára ìdọ̀tí inú omi kúrò. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń tú gáàsì jáde, èyí tí iná lè jó. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ohun tí kò jò bo kòtò náà dáadáa lè gba gáàsì yìí sínú páìpù, kí ó sì fi dáná. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ pàtàkì wà níhìn-ín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú iná súnmọ́ kòtò bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ìbáà ṣe láti yọ ẹni tí ó ṣubú sí i. Gáàsì inú rẹ̀ lè pa ènìyàn kí ó tó lanu ké. Odi tàbí ọgbà gbọ́dọ̀ yí i ká nítorí àwọn ọmọdé.

Ìpele kẹrin ni adágún tí kò jìn, tí ó tó mítà 1 sí mítà kan àbọ̀. Oòrùn ń ràn wọ inú rẹ̀, ewéko tín-ín-tín aláwọ̀ ewé sì ń hù nínú omi náà. Ní ọ̀sán, àwọn ewéko wọ̀nyí ń tú ọ́síjìn jáde. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí ń mí ọ́síjìn náà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ. Ohun tí Ardern àti Lockett fi ẹ̀rọ ṣe, oòrùn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ wa, bí a bá fún un ní àyè àti sùúrù.

Ìpele karùn-ún ni adágún mìíràn tí kò ju mítà 1 lọ ní jíjìn. Níhìn-ín ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń pa èyí tí ó pọ̀ nínú kòkòrò àrùn. Láti ibẹ̀, omi náà lè gba àárín eèsún àti koríko etídò tí a gbìn sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí gbòǹgbò wọn lè sẹ́ èyí tí ó kù, kí wọ́n sì jẹ nínú náítírójìn rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí àgbẹ̀ ti inú àpẹẹrẹ wa bá ti ń gbá kí ó tó fọ̀, tí omi tí ó ń lò sì jẹ́ lítà 500 lójúmọ́, tí ó sì fẹ́ kí omi náà lo ọjọ́ 10 nínú kòtò jíjìn, ọjọ́ 20 nínú adágún àkọ́kọ́ àti ọjọ́ 10 nínú adágún kejì, kòtò jíjìn gbọ́dọ̀ gba lítà 5,000, adágún àkọ́kọ́ lítà 10,000, adágún kejì lítà 5,000. Ihò tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì jìn ní mítà 1 ń gba lítà 1,000. Nítorí náà, adágún tí ó gùn ní mítà 5, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó sì jìn ní mítà 1 yóò gba lítà 10,000. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lókè fún òjò, àti nísàlẹ̀ fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Onímọ̀ ni yóò sì sọ bí ó ṣe yẹ kí ó tóbi sí i níbi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù. Síbẹ̀, ó hàn gbangba pé ilẹ̀ tí ọ̀ràn yìí ń fẹ́ fún adìyẹ 1,000 kò ju èyí tí a fi ń kọ́ iyàrá díẹ̀ lọ.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni wíwa kòtò sínú ilẹ̀ lásán, láìfi amọ̀ líle tàbí sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Omi ẹ̀gbin kò lọ nígbà náà. Ó kàn fara pamọ́ ni, kànga ni yóò sì ti yọjú. Èkejì ni dída oògùn apakòkòrò sínú kòtò ìtọ́jú. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a óò bá lo kílórínì rárá, ìgbẹ̀yìn ni ipò rẹ̀, nígbà tí omi ti mọ́, nítorí pé ìdọ̀tí ń jẹ kílórínì tán kí ó tó kan kòkòrò àrùn. Ẹ̀kẹta ni gbígbẹ́kẹ̀lé ojú. Omi lè mọ́ gaara kí náítíréètì kún inú rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ni ó lè sọ òtítọ́ nípa omi, ó sì yẹ kí a máa gbé e lọ síbẹ̀ lóòrèkóòrè.

Níbi tí a bá ti ń pa adìyẹ tà, ọ̀ràn náà le sí i. Kò sí ohun tí ń gba ọ́síjìn inú omi bí ẹ̀jẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbe ẹ̀jẹ̀ sínú ohun èlò ọ̀tọ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ó ṣàn lọ pẹ̀lú omi. Kí a kó ìyẹ́ àti ìfun lọ́tọ̀, kí a sì mú ọ̀rá kúrò lójú omi kí ó tó wọ adágún. Bí àrùn bá sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín adìyẹ, kí omi kankan má ṣe jáde kúrò nínú oko títí dókítà ẹranko yóò fi dé.

Ìjọba náà kò dákẹ́. Lẹ́yìn tí a rí májèlé tí wọ́n kó láti òkè òkun wá dà sí Kókó ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún kan náà láti dáàbò bo ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Ní 2007, òfin tuntun dá àjọ tí a ń pè ní NESREA sílẹ̀ láti máa rí i pé a ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè jókòó sí etí gbogbo odò. Ẹni tí ó sún mọ́ odò jù lọ ni ẹni tí ń da nǹkan sí i.

Nípa àgbẹ̀ ti inú àpẹẹrẹ wa, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyá náà gbé igbá omi wá. Ó lè gbé páìpù rẹ̀ gba ẹ̀yìn igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó sì lè gbé ṣọ́bìrì. Bí ó bá gbé ṣọ́bìrì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò lo wákàtí kan sí i ní òròòwúrọ̀, yóò sì ná owó lórí kòtò àti sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ yóò wà fún oko àgbàdo rẹ̀, gáàsì lè wà fún ìdáná rẹ̀, omi tí ó jáde láti adágún ìgbẹ̀yìn yóò sì bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, débi pé díẹ̀ ni yóò kù tí yóò dé odò. Ìdọ̀tí náà kò jẹ́ ohun mìíràn ju ọrọ̀ tí ó ṣìnà lọ. Ohun tí adìyẹ àtijọ́ ń fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a tún dá padà fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irú omi tí àgbẹ̀ dà síwájú ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni yóò tẹ ilẹ̀ náà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó fà á tí ìgbẹ́ adìyẹ kò fi jẹ́ ìyọnu fún àwọn ará àtijọ́?
2. Ṣe àlàyé bí ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ń pa ẹja nínú odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja kò jẹ ẹ́.
3. Kí ni ìyá àgbàlagbà náà ní lọ́kàn nígbà tí ó wí pé, "Ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbé e wá"?
4. Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gbá ilé adìyẹ kí a tó fọ̀ ọ́?
5. Àgbẹ̀ kan ń lo lítà 800 omi lójúmọ́. Lítà mélòó ni adágún rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà bí omi yóò bá lo ọjọ́ 20 nínú rẹ̀?
6. Kọ àròkọ kan lórí kókó yìí: "Odò kò ní olówó kan ṣoṣo."